Ẹ̀wù Funfun Bu Ngatinah àti Òróró Tó Pa Ọpọlọ Wa Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀wù náà funfun débi pé àkùkọ ilé kejì máa ń kọ lẹ́ẹ̀mejì láràárọ̀: ìgbà tí oòrùn bá yọ, àti ìgbà tí Bu Ngatinah, ìyá àdúgbò wa, bá jáde nílé. Mi ò purọ́. Bí mo bá sì purọ́, díẹ̀ ni.

Ẹ̀wù dókítà ni, èyí tó gùn dé orúnkún, tó ní àpò mẹ́ta àti bọ́tìnnì mẹ́fà. Bu Ngatinah wọ̀ ọ́ lọ ra tempe, oúnjẹ ẹ̀wà sóyà, lọ́jà. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ alága àdúgbò. Lọ́jọ́ Àìkú tí gbogbo wa ní àdúgbò wa, Gang Kenanga, jáde láti kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, ó wọ ẹ̀wù yìí, ó dúró létí gọ́tà, ó ń fi ìka tọ́ka sí ẹrẹ̀ fún wa bí ẹni pé iṣẹ́ abẹ la fẹ́ ṣe. Láàárín oṣù kan, àwọn ará àdúgbò ti ń gbé orí fífọ́ wá bá a, wọ́n ń gbé eyín dídùn wá, ẹnì kan tiẹ̀ fa ewúrẹ́ tí kò jẹun wá. Ewúrẹ́ náà yè o.

Bu Ngatinah kì í ṣe dókítà. Irun ló ń fọ̀.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ń fọ irun àwọn ará ìlú wa, Salatiga, níwájú ilé rẹ̀, lábẹ́ páànù, lórí àga kan ṣoṣo tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn. Bí o bá gbé orí ọkùnrin kan fún un nínú òkùnkùn, á sọ orúkọ ìyá rẹ̀ fún ẹ. Ó ní òfin kan, òfin náà sì le ju ti ìjọba lọ: orí kankan kò gbọdọ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ òun láìgba òróró. Òróró kemiri ni, èso kan tí òun fúnra rẹ̀ ń yan nínú ìkòkò títí á fi dúdú bí èédú, tí á gún un, tí á sì fún òróró rẹ̀ jáde.

"Èèyàn gbà kí o fọwọ́ kan orí òun," á máa wí. "Orí o! Ibi tó ga jù lára ẹ̀! O wá fẹ́ kó dìde lọ ní gbígbẹ, bí àlejò tí wọn ò fi tíì lọ̀? Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Bu Suharni, nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì gidi, tó kàwé, tó ti ń wọ ẹ̀wù funfun láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Bu Ngatinah ní tirẹ̀ fi ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ júwe rẹ̀, wọn a ní, "Ìyẹn, àbúrò nọ́ọ̀sì." Ó pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, àbúrò nọ́ọ̀sì ló ṣì ń jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yìí ṣe rí lára rẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín jù.

Bí ẹ̀wù ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyí. Ní yunifásítì tó wà lókè ìlú wa, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ Pak Wiratmo. Bàbá jẹ́jẹ́ ni. "Ó dára gan-an" ló fi ń dá gbogbo ayé lóhùn, títí kan ẹni tó bá sáré wá sọ fún un pé ọkọ̀ rẹ̀ ń jóná. Ó fẹ́ mọ bí ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń dàgbà, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ náà nígbà tí ọ̀dọ́ méjì bá jókòó ti ara wọn. Ó kó ogún ọ̀dọ́ tó ní ọ̀tísíìmù jọ, ó sì kó ogún tí kò ní in. Ìwé rẹ̀ pe àwọn ti ìṣáájú ní "ẹgbẹ́ kìíní." Àwa tó kù, ó pè wá ní "bí-ẹni-gbogbo." Wọ́n kọ ọ́ síwájú orúkọ mi báyìí: Kinasih, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, bí-ẹni-gbogbo. Màmá mi kà á, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́.

Fìlà rọ́bà kan ni wọ́n máa ń dé féèyàn, ó kún fún wáyà, ó sì ń gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ tí ọpọlọ ń sọ. Kí fìlà tó lè gbọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pín irun níbi méjìlélọ́gbọ̀n, kó fi ìpara kan tó ń yọ̀ bí ilá sí awọ orí níbi kọ̀ọ̀kan. Mbak Palupi, ọmọbìnrin tó ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ ń ṣe é. Ó mọ̀wé dórí ṣùgbọ́n kò mọ irun. Ọ̀dọ́ mẹ́ta sunkún. Ọ̀kan gbé fìlà sá dé ibùdókọ̀. Òmíràn bu Mbak Palupi jẹ lọ́wọ́. Ibi tó ti ń fi omi gbígbóná sí ojú eyín náà ló ti rántí obìnrin tó ń fọ irun òun láti kékeré.

"Bu," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi ọwọ́ yín yẹn ràn wá lọ́wọ́."

"Orí mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Ogójì."

"Mò ń bọ̀. Jẹ́ kí n wá bàtà mi."

Pak Wiratmo yá a ní ẹ̀wù. Ó yá a ni o. Ó ní kó máa lò ó títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bí iṣẹ́ bá yọrí sí rere, ẹ̀wù di tirẹ̀, òun náà di òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí, wọn yóò sì fi òwú búlúù ran orúkọ rẹ̀ sí àpò àyà: NGATINAH. Kò ní sí "àbúrò" kankan níwájú rẹ̀. Bí iṣẹ́ kò bá yọrí, ẹ̀wù padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, òun náà padà sábẹ́ páànù.

Bu Ngatinah kì í fọwọ́ kan ohun tí kò yé e. Lọ́jọ́ kìíní, ó há Mbak Palupi mọ́ igun ilé títí onítọ̀hún fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ní èdè tí èèyàn ń sọ. Mbak Palupi ní ọpọlọ ọmọdé kún fún ọ̀nà tó pọ̀ ju ohun tó nílò lọ. Bí ọmọ bá ń bàlágà, ọpọlọ a máa gé àwọn ọ̀nà tí kò lò dànù, a sì máa mú èyí tó ń lò le sí i. Àwọn kan lára àwọn tó ń wádìí rò pé nínú ọpọlọ àwọn tó ní ọ̀tísíìmù, gígé náà kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé ọ̀nà púpọ̀ a máa ṣẹ́kù síbẹ̀.

"Àṣé irun gígé ni!" ni Bu Ngatinah wí.

"Ó... ó jọ ọ́, Bu."

"Àwọn kan, wọ́n ti gé tiwọn sílẹ̀. Àwọn kan, tiwọn ṣì kún. Irun tó kún kì í ṣe àìsàn, ọmọ mi. Òòyà tí eyín ẹ̀ fẹ̀ ló ń fẹ́."

Mbak Palupi kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣì wà lára ògiri wọn títí dòní, láàárín àwòrán ọpọlọ méjì.

Ìwé ìlànà wà fún iṣẹ́ náà. Ó ní fún ẹgbẹ́ kìíní, kí wọ́n ṣe é kíákíá, kí wọ́n má ṣe lo ohunkóhun tó ní òórùn. Bu Ngatinah fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kà á tán, ó sì mí kanlẹ̀. Ogún orí tí yóò lọ ní gbígbẹ! Ó bá wọn kẹ́dùn, ó gbà. Ṣùgbọ́n ìwé kò sọ nǹkan kan nípa àwa bí-ẹni-gbogbo. Níbi tí ìwé bá sì ti dákẹ́, ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kì í dúró bi ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tèmi pé.

"Nduk, Asih ọmọ mi, wá jókòó. Orí ẹ gbẹ bí páànù. Ṣé màmá ẹ kì í tọ́jú ẹ ni?"

"Wọ́n ń tọ́jú mi, Bu."

"Irọ́ ni. Irun ò mọ irọ́ pa." Ó ti yọ ìgò kékeré kan nínú àpò ẹ̀wù funfun, òróró ti wà ní àtẹ́lẹwọ́.

Ó fi pa mí lórí. Ó tẹ àtàrí mi, ó tẹ ìpàkọ́ mi, títí mo fi gbàgbé orúkọ ilé ìwé mi. Lẹ́yìn náà ló wá fi ìpara sí i, ó dé mi ní fìlà. Òórùn mi ṣáájú mi wọ yàrá, ó bá mi kí àwọn èèyàn, ó sì wá àga jókòó.

Wening ti wà nínú yàrá náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ga, ẹgbẹ́ kìíní ni, ó máa ń wo nǹkan bí ẹni tó fẹ́ rà á, kì í sì í sọ ohun tí kì í ṣe bó ṣe rí lójú rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni kí a jọ fi búlọ́ọ̀kù onígi kọ́ ilé gíga kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì máa bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo jókòó. Wening gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn. Mo na búlọ́ọ̀kù kan sí i. Ó tún gbé àga sẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú kẹta, àga rẹ̀ ti kan ògiri, ó sì ń wo ògiri náà bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó yà fún òun.

"O ń rùn," ó wí.

"Háà?"

"Kemiri tó jóná. Ó wọ inú ojú mi. Mi ò rí búlọ́ọ̀kù mọ́."

Ẹ wò ó, kì í ṣe Wening nìkan ló gbọ́ òórùn náà. Mbak Palupi ti gbọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà gbọ́ ọ. Pak Wiratmo fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ọ̀sán lábẹ́ igi. Ẹ̀rọ pàápàá gbọ́ ọ: iná rẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ ewé ń pọ́n ní gbogbo ìgbà tí bí-ẹni-gbogbo bá dé fìlà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò la ẹnu sọ fún obìnrin tó jù ú lọ pé òróró rẹ̀ ń rùn? Ní ìlú wa? Ẹni náà á kọ́kọ́ kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Jáfà, erékùṣù wa, ná. Àwọn tó kàwé títí irun wọn fi pá gbé òórùn náà mì bí omi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ jáde. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀: "Kò fara da òórùn, àmì ọ̀tísíìmù. Ó ń sá fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀."

Èmi ni ẹlẹgbẹ́ náà. Ó dùn mí díẹ̀.

Orí ogójì pé, èsì jáde. Ọpọlọ ẹgbẹ́ kìíní ń pariwo bí ọjà. Ọpọlọ àwa bí-ẹni-gbogbo dákẹ́ bí kíláàsì lọ́jọ́ ìsinmi. Tèmi ló burú jù: ìlà mi lójú kọ̀ǹpútà tẹ́jú débi pé èèyàn lè gbé ife tíì lé e. Inú Pak Wiratmo dùn bí ẹni tó rí erékùṣù tuntun. Àlàyé rẹ̀ ni pé bíbá èèyàn ṣe ti mọ́ àwa lára, débi pé ọpọlọ wa kàn ń sùn lọ ní tirẹ̀ bí a bá wà láwùjọ. Fún ẹgbẹ́ kìíní, iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá fún èèyàn. Ó kọ ọgọ́rin ojú ewé lé e lórí. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ ni yóò kà á níwájú ọ̀gá yunifásítì. Nígbà tí màmá mi gbọ́ pé ọpọlọ mi ń sùn bí mo bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ ni wọ́n nílò kí wọ́n tó mọ ìyẹn?"

Pak Wiratmo sọ fún Bu Ngatinah pé iṣẹ́ ti yọrí sí rere gan-an. Òwú búlúù ti wà nílẹ̀. Ó ku kí Ọjọ́bọ dé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Wening wá sábẹ́ páànù. Láti ìgbà tí Bu Ngatinah ti kọ́kọ́ fọ ìpara fìlà kúrò lórí rẹ̀ ló ti máa ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà tẹ́ ẹ lọ́rùn: ọwọ́ tó ń tẹ orí gírígírí, tí kì í rọra pa á bí ẹni ń pa ológbò lára. Ó sì ti sọ lọ́jọ́ kìíní pé omi nìkan lòun fẹ́, Bu Ngatinah sì gbà fún un bó ṣe gbà fún ìwé ìlànà. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń dúró kó bá mi tẹ orí. Mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ òórùn òróró kúrò lórí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wening dúró lójú ọ̀nà, ó fa imú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wá jókòó tì mí, èjìká kan èjìká. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ló ń bá jókòó.

"Ọmọńlé tí wọ́n yà sára báàgì ẹ yìí," ó wí, "ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ò pé."

"Báwo?"

"Márùn-ún ló yẹ kó ní. Mẹ́rin ni wọ́n yà fún un. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti ṣe àṣìṣe náà. Mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ tá à ń kọ́lé."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"O ń rùn. Mo sọ fún ẹ pé o ń rùn."

Bu Ngatinah yíjú padà pẹ̀lú ìkòkò omi lọ́wọ́. "Kí ló ń rùn?"

"Òróró yín, Bu. Ẹ ń fi sórí tiwọn, ẹ kì í fi sórí tiwa. Mi ò sá fún Asih. Òróró ni mo sá fún. Iná ẹ̀rọ náà tàn bí ewé fún mi. Ó pọ́n fún un. Gbogbo orí tó ní òróró, ó pọ́n fún wọn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn nígbà tí mò ń dúró de ìyá mi, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo rí i."

Omi ìkòkò ń kán sílẹ̀. Bu Ngatinah kò rí i. "Ta ni o ti sọ fún?"

"Gbogbo wọn."

"Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀."

Obìnrin náà gbé ìkòkò kalẹ̀, ó sì jókòó sórí àga oníbàárà, ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí. Ẹni tó ti ń fọ irun látọjọ́ yìí mọ̀ pé òróró àti omi kì í fẹ́ra. "Ìpara yẹn," ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "omi ló kún inú ẹ̀. Mo rí i tó ń yọ̀ kúrò lórí àwọn ọmọ yìí bí ìrì lórí ewé kókò. Mo ní ìwà ẹ̀ ni. Mo ní ìwà ẹ̀ ni!"

Wening fọwọ́ kan irun ara rẹ̀. "Ṣé ẹ ṣì máa fọ orí mi?"

Ó fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Kí a tó ka mẹ́wàá, Bu Suharni ti gbọ́. Nínú Gang Kenanga, ọ̀rọ̀ kì í rìn, ó máa ń fò ni. Nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tirẹ̀, ó jókòó, ó gba tíì.

"Ta ló bi ẹ́ léèrè tí o fi fẹ́ lọ sọ?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, Mbakyu," ni àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹnu tí wọn ò bi léèrè kì í jẹ́ 'hùn.' Ọjọ́ méjì ló kù, Ngatinah. Ọjọ́ méjì péré, ẹ̀wù á di tìẹ."

"Bí ẹ bá fún aláìsàn ní oògùn tí kì í ṣe tiẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò ní sọ?"

"Màá sọ. Ìyẹn, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn nìyẹn. Tìẹ, irun lásán ni."

Kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń gbálẹ̀ tí ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́, kí n lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ Bu Ngatinah lára.

"Irun lásán," ó wí. "Mbakyu, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ yẹn ń sá fún èèyàn. Ìwé yẹn ń lọ sọ́wọ́ ọ̀gá pátápátá. Ọmọ tó wá jókòó ti Asih lójú mi báyìí, èjìká kan èjìká! Òróró mi ló ń lé e. Èmi ni mo ń lé e, mo sì ń rò pé mò ń ṣe ènìyàn lóore."

Bu Suharni mu tíì rẹ̀. "Bó o bá sọ ọ́, wọ́n á gba ẹ̀wù."

"Mo mọ̀."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó fọ ẹ̀wù náà, ó sá a, ó fi sítáàṣì sí i, ó lọ̀ ọ́ títí ẹ̀wù fi lè dá dúró láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Ó gbé e lé apá bí ọmọ tuntun. Mo tẹ̀ lé e. Mo ní n óò bá a gbé ìgò òróró, ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ròyìn rẹ̀ fún mi.

Pak Wiratmo gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Tíì dé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ wúwo nílùú wa, ó ní láti kọ́kọ́ yí i ká bí ẹni ń wá ibi tí ilẹ̀kùn wà. Bu Ngatinah bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò tó ń rọ̀ lórí òkè Merbabu.

"Ó dára gan-an," ni Pak Wiratmo wí.

Ó béèrè àlàáfíà ìyá ọ̀jọ̀gbọ́n. Ara ìyá rẹ̀ dára gan-an. Ó yin tíì. Ó yin ife tíì. Ó yin àwo tó wà lábẹ́ ife. Ó sọ ìtàn orí kan tí òun fọ̀ lọ́dún kan báyìí. Ìdajì wákàtí kọjá, irùngbọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ hù sí mi lágbọ̀n. Nígbà tó yá, ó sún mọ́ ọn: "Ọ̀rọ̀ òróró mi yìí náà, Pak..."

"Òróró yín dára gan-an, Bu."

Mo rí i lójú Bu Ngatinah pé ibẹ̀ ló fẹ́ parí sí. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ẹ̀wù. Bó bá kàn dìde báyìí, kó dágbére, ẹ̀wù ṣe tán. Kò sẹ́ni tó máa bi í láéláé.

Ó gbé ife kalẹ̀.

"Pak, ẹ foríjì mí. Màá sọ̀rọ̀ bíi ti Wening."

Ó mí sínú.

"Òróró ni. Mo fi òróró sí ogún orí. Mi ò fi sí ogún tó kù. Ẹ̀rọ yín ò gbọ́ àwọn tó ní òróró. Ọpọlọ wọn ò sùn. Wening ò sá fún èèyàn, òórùn mi ló sá fún. Ó sọ fún yín, ẹ ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ kà lọ́la, kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀wù yín rèé."

"Ó dára gan..." Ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń lọ ní tirẹ̀ kí etí rẹ̀ tó bá a. Ó pa ẹnu dé. Ọgọ́rin ojú ewé kọjá lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà wọ́n.

Mbak Palupi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mo gbọ́ òórùn yẹn, Pak," ó wí. "Láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ojú ló tì mí."

"Èmi náà," ni ọkùnrin kọ̀ǹpútà wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ní òun náà. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣọ́ géètì búra pé láti géètì lòun ti ń gbọ́ ọ.

Pak Wiratmo bojú wo tábìlì. "Èmi náà," ó wí jẹ́jẹ́. "Kí lẹ rò pé mò ń wá lábẹ́ igi?"

Wọ́n wá orí tí wọ́n máa fi dán an wò. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bu Ngatinah pín irun mi sí méjì gẹ́lẹ́, ó fi òróró sí apá òsì, ó fọ apá ọ̀tún mọ́ tónítóní, wọ́n dé mi ní fìlà. Apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Apá òsì tẹ́ bí ẹní. Mo di ìlú tí wọ́n mú iná lọ ní ìdajì. Pak Wiratmo wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó tún wo kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tó ní omijé nínú. Ó gba ẹ̀wù lọ́wọ́ Bu Ngatinah pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbé e kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ọ̀nà ilé, Bu Ngatinah ń rìn bí ẹni tí wọ́n bọ́ ẹrù lórí fún, tí ọrùn rẹ̀ kò tíì mọ̀.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ, ọ̀jọ̀gbọ́n dúró níwájú ọ̀gá yunifásítì, ó ní a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí òróró. Mo gbọ́ pé ọ̀gá ní, "Ó dára gan-an." Àrùn yẹn ń ràn.

Ogójì orí tún padà. Kò sẹ́ni tó ní kí Bu Ngatinah má wá mọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kó wá. Ó wá. Aṣọ ilé olódòdó ló wọ̀, ìgò òróró kò sì sí nínú àpò, nítorí aṣọ náà kò ní àpò. Ó pín irun, ó fi ìpara sí i, ó dé fìlà. Ojú iná ẹ̀rọ dà bí oko ìrẹsì. Àwọn ará àdúgbò rí i láìní ẹ̀wù, wọ́n gbé ewúrẹ́ wọn lọ síbòmíràn.

Èmi àti Wening tún jókòó síwájú búlọ́ọ̀kù. Àga rẹ̀ kò rìn. Kò wo ojú mi o. Búlọ́ọ̀kù ló ń wò, búlọ́ọ̀kù ló ń bá sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń dáhùn fún wọn. Ó ní kí n má to pupa lé pupa. Mo ní kí ló dé. Ó ní nítorí pé kò dára. Mo tò ó. Ó yọ ọ́. A jà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ti ọmọńlé, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, bó ṣe ń rìn lórí àjà tí kì í já bọ́, àwa méjèèjì sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé wa ga kọjá iwájú orí mi kó tó wó. Mbak Palupi fi ìlà wa hàn mí lẹ́yìn náà. Tiwa kò jọra. Ṣùgbọ́n níbi ọ̀rọ̀ ọmọńlé, wọ́n ń rìn pọ̀, bí èèyàn méjì tó ń lọ sọ́jà kan náà, tí ọ̀kan ń gba títì, tí èkejì ń gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Nígbà tí wọ́n fi Wening àti ẹlòmíràn láti ẹgbẹ́ kìíní sójú kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tó wọn. Wọ́n ní láti lé wọn jáde.

Ojú ewé mọ́kànlá péré ni Pak Wiratmo kọ lọ́tẹ̀ yìí, èèyàn sì lè kà á láìsùn. Ó fi ìlà tuntun kan kún fọ́ọ̀mù, síwájú ibi tí wọ́n ti ń kọ àmì: "Kí ni ọmọ yìí sọ? Ṣé òótọ́ ni? Ẹ lọ wò ó ná."

Lọ́jọ́ Ajé kan, Bu Ngatinah dé ibi iṣẹ́, ó bá ẹ̀wù lẹ́yìn àga rẹ̀. Òwú búlúù wà lára àpò àyà. Ó fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, N, G, A, títí ó fi dé òpin, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹnì kan dá Bu Suharni dúró lọ́jà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n Bu Ngatinah?" Ó gbà pé òun ni. Ó gbà á pẹ̀lú ẹnu ṣíṣù, ṣùgbọ́n ó gbà á.

Òróró ti padà náà. Ẹ̀yìn tí fìlà bá kúrò lórí ni, lẹ́nu ọ̀nà, fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, Bu Ngatinah á fún un ní tíì, kó má bàa lọ ní gbígbẹ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ sábẹ́ páànù, ó yí po níwájú wa. "Báwo ni ẹ ṣe rí i?"

"Ó dára gan-an, Bu," ni mo wí.

"Ó bá yín mu bí awọ ara," ni màmá mi wí láti inú ilé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, láìtiẹ̀ yọjú.

Wening wò ó látòkè délẹ̀. "Apá ẹ̀ gùn jù. Ó ń wọ inú omi."

Bu Ngatinah gbé apá méjèèjì sókè. Etí ẹ̀wù náà ti di àwọ̀ tíì. Láti oṣù bíi mélòó kan tó ti ń wọ̀ ọ́ fọ orí, gbogbo wa ti ń rí i.

"Mélòó ni kí n gé?"

"Ìka méjì."

"Asih, bá mi mú sísọ́ọ̀sì wá," ó wí, ó sì na apá rẹ̀ sí Wening kó wọ̀n ọ́n.